Àṣìwọ̀n Gáàsì ní Sàríà

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ní Sàríà ni gáàsì wíwọ̀n. Ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ wa kò jìnnà sí rélùwéè. Láràárọ̀ la máa ń rọ gáàsì sínú bàlúùnù, a ó sì tú u sílẹ̀ kí a lè mọ ibi tí atẹ́gùn òkè ń fẹ́ sí. Kí a tó rọ ọ́, èmi akọ̀wé á kọ́kọ́ fi díẹ̀ sínú ìgò róbótó kan, n ó sì gbé ìgò náà kọ́ òṣùwọ̀n kékeré. Gáàsì tó dára fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Bó bá ti ń wúwo, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọnú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí i lójoojúmọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Òyìnbó ọ̀gá wa wo ìwé náà, ó ní ẹnìkan ń jí gáàsì tà, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́gádì wa, bàbá ọmọ Ìlọrin kan tó ń gbé Sábó, àdúgbò àwọn àlejò, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá gáàsì wà. Ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé. Èmi náà gbà pé olè ni.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá wá bá mi. Ó ti ta òwú rí.

"Akọ̀wé," ó ní, "níbi tá a ti ń ta òwú, a kì í gbé ẹrù wa lé òṣùwọ̀n láì kọ́kọ́ rí i lófìfo. Ṣé o ti wọn ìgò rẹ lófìfo?"

N kò wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi pé mẹ́gádì ń kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n mo tú gáàsì inú ìgò dànù, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lásán kún un, mo sì gbé e kọ́. Iye tó yẹ kí ìgò náà wọ̀n lófìfo wà ní kíkọ sára àpótí rẹ̀. Ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọrùn ìgò dáadáa. Àràárọ̀ ni mo ń fi gírísì pa á kó má baà jò, eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn nípele-nípele. Mo nù ún mọ́, òṣùwọ̀n sì padà sí iye ara àpótí. Gírísì mi ló ń wúwo, kì í ṣe gáàsì.

Ojú tì mí gan-an. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó ní kí n fa igi lé iye àtijọ́, kí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún bàbá pé ó ti tán.

"Kò tíì tán," bàbá ní. "Àwọn àna mi ní Túdùn Wàdá ti gbọ́ pé olè ni mí. Wọ́n ní ká dá ẹrù ìdána ọmọbìnrin mi padà. Wallahi, wọn ò mọ̀wé, igi tí o fà nínú ìwé kò lè yé wọn. Ẹnu rẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí n kò mọ̀ rí, mo ní èmi ni mo ṣi gáàsì wọ̀n, pé bàbá kò jí nǹkan kan. Àgbà kan láàárín wọn béèrè bóyá bàbá ló bẹ̀ mí wá.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òótọ́ ni.

Ó ní kí n dìde, pé ẹni tí a bẹ̀ wá kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Wọn kò fẹ́ ọmọ náà mọ́.