Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ilé Wa ní Ìgàndó

Gàníù, àkọ́bí bàbá mi, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mi ò pè é ní bọ̀dá mọ́, ẹ má bá mi wí. Lọ́sàn-án àná, aládùúgbò mi kan níbí ní Ẹ̀gbẹ́dá da omi sórí kọnkéré iwájú ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ lè tutù díẹ̀. Òórùn omi àti eruku gbígbóná yẹn gba ojú fèrèsé wọlé bá mi níbi tí mo ti ń fi páálí fẹ́ ara mi, ni mo bá tún di ọmọ ọdún mẹ́jọ ní agboolé wa ní Ìgàndó.

Oko ló yí wa ká nígbà náà. Ilé wa gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì là á já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Ìhà tí òkun wà ni iwájú ilé kọjú sí. Òfin kan tí àwọn àgbà kì í fi ṣeré ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé dí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, àwọn ìyá wa á rẹ ẹní sínú omi, wọ́n á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á gba ara ẹní tútù náà kọjá, a ó sì sùn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwa àti àwọn ewúrẹ́ tí kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tí Gàníù fẹ́ gbéyàwó, bàbá wa bá òwò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó dé, Gàníù ti kọ́ yàrá onípáànù kan tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Àbúrò bàbá wa obìnrin ní, "Gàníù, afẹ́fẹ́ gbogbo ilé lo fẹ́ fi ṣe ìdána yìí o." A rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ.

Ooru dé lọ́dún náà kí bàbá wa tó dé, kò lọ. Ewé kan ò mì. Àmọ̀kẹ́, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, kọ́kọ́ ń sunkún. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Ara rẹ̀ gbẹ, ó gbóná bí òkúta tí oòrùn pa. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún Gàníù, ọmọ tí wọ́n bá nílé ọkọ, tí wọn ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín méjèèjì, kí atẹ́gùn lè kọjá sára ọmọ yìí."

Ó ní eruku á ba bẹ́ẹ̀dì ìyàwó òun jẹ́. Ó ní ooru kì í pa ọmọ, kí wọ́n fún un lómi. Kí oòrùn tó wọ̀, Àmọ̀kẹ́ ti kú lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, wọ́n sì ní kí ìyá mi wá bá wọn gberin.

Mo lọ sílé ìwé, mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ débi tí mo fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú. Afẹ́fẹ́ tó gbóná lágbedeméjì ayé máa ń gòkè, á rìn lọ sí àríwá lókè lọ́hùn-ún, á wá já wálẹ̀ sórí aṣálẹ̀. Bó ṣe ń já bọ̀ ló ń fún pọ̀, ló ń gbóná sí i, tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu ṣú. Lọ́dún mìíràn, á fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, á jókòó lé wa lórí bí ọmọrí ìkòkò, á sì ti afẹ́fẹ́ òkun tó ń gbé òjò bọ̀ sẹ́yìn. Nígbà náà, bí èèyàn ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ayé, ó lè má sí atẹ́gùn kankan tí yóò wọlé. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ fẹ́ gba Gàníù sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀. Ẹni tí kò ṣí ilẹ̀kùn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà níta?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ooru tiyín tún le ju tiwa lọ. Òkun fúnra rẹ̀ ti ń gbóná. Ilé ti kún láti Ìdímù dé Ìgàndó, ògiri dojú kọ ògiri, iná ọba ò sì dúró. Afẹ́fẹ́ ńlá ayé ṣì ń yí bó ṣe ń yí, ọmọ tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é ló sì ṣì ń kọ́kọ́ kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Gàníù. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó rántí ẹni tó kan páànù yàrá náà, ó rántí àwọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó tilẹ̀ rántí orúkọ ajá wa. Mo wá bi í ní ohun tó ní í sọ nípa Àmọ̀kẹ́. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní:

"Àmọ̀kẹ́ wo nìyẹn?"