Òpó Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri Àpòmù

Tísà Jemima Olúsànyà kì í fẹnu lásán kọ́ ọmọdé níṣirò. Ní ọdún 1987, nígbà tó fẹ́ fi gíráàfù mọ kíláàsì kẹta ní Àpòmù, ògiri ló lò. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọmọ tó bá wá á mú ṣọ́ọ̀kì, á ya àpótí kékeré kan lé orí ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀, títí tí yóò fi di òpó. Òpó gíga, kíláàsì kún. Òpó kúkurú, àwọn kan ò wá nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà pàápàá ń ka òpó.

Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

"Tísà, ó jọ àtẹ̀gùn," ni Nàfísátù wí, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín.

Jemima ò lè rẹ́rìn-ín. Sòbìyà ló ń dá àwọn ọmọ dúró sílé, aràn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ bí òwú.

Ó ní kí wọ́n ya òpó mìíràn: níbo ni àwọn tí kò wá ti ń pọnmi? Òpó kànga ò ga rárá. Ti adágún Ìdí-Ìrókò ló ń lọ sókè ṣáá. Ara Jemima bù máṣọ, nítorí nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún un pé omi téèyàn mu lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí aràn rẹ̀ tó yọ. Ìyà omi èṣí ni wọ́n ń jẹ. Ti èyí tí wọ́n ń mu lọ́wọ́ ṣì ń bọ̀. Ó pinnu pé òun á fi òpó náà han àwọn òbí, kí wọ́n lè máa fi aṣọ sẹ́ omi wọn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyá Àṣíáwù, ìyá àgbà Nàfísátù, ti wọlé tọ hẹdimásítà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Jemima.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tísà yín ń to ọmọ wa sára ògiri, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń dín?"

"Ìyá, omi ni mò ń kà," ni Jemima wí.

"Àpótí kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ta ló dúró fún?"

Hẹdimásítà tí kò fẹ́ wàhálà ní kí Jemima nu òpó náà kúrò. Ó lè lọ láti ojúlé dé ojúlé kó sọ̀rọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé wọn á pe òun lájẹ̀ẹ́. Ó nu ògiri, ó panu mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, Nàfísátù ò wá sílé ìwé mọ́. Jemima lọ kí wọn. Ìyá Àṣíáwù gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó ń rọra ká aràn mọ́ igi. Ó dìde, ó bu omi fún àlejò bó ṣe yẹ. Jemima gba ife náà, ó gbé e kalẹ̀ láìmu.

"Omi adágún ni, Ìyá. Òun ló ní sòbìyà nínú. Aṣọ ni kẹ́ ẹ máa fi sẹ́ ẹ."

Ìyá wo ìkòkò omi, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti èṣí, Ìyá."

"Gbogbo wa nílé yìí la ti ń mu ún láti èṣí," ni ìyá wí, ó sì jókòó pa dà sídìí ọmọ.