Ìwọ̀n Igi Irúgbá Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀fà níbí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú, igi irúgbá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí ìyá mi ń ká èso rẹ̀ ṣe irú. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé láti ìsìn Ìkórè, ìyá mi á ní kí àwa ọmọ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọwọ́ ara wa mú, ká yí igi náà ká. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá kanra, inú wa á dùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọmọ Mẹ́rin.

Ẹ gbọ́ o, ọdún kan dé, kí n tó na ọwọ́ mi, ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kanra. Mo bú sẹ́kún. Mo ní igi wa ti ń rù, ó máa kú! Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi.

"Igi kò rù, ìwọ ọmọ yìí. Apá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ló gùn sí i."

Láìpẹ́ yìí ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀dà pupa lára igi náà. Wọ́n fẹ́ gé e! Àwọn tó ń ya máàpù igi ìlú ló ní ó ti ń jẹrà, pé ìwọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an sí ti ọdún tó kọjá. Igi tí mò ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́!

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní Poli, wà lára wọn. Mo bínú sí i dáadáa, mo sì sọ ìtàn Ọmọ Mẹ́rin fún un. Ó ṣí fóònù rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá yí téèpù ká ìdí igi. Èmi wọn ìbú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tó kéré gan-an sí àyíká rẹ̀. 'Ìwọ̀n' ni gbogbo wa kàn kọ síbẹ̀."

"Ìwọ̀n kí ni? Ṣé èèyàn máa ń sọ pé 'ọmọ', kó má sọ ọmọ ta ni?"

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe. Àyíká ìdí igi ní orúkọ tirẹ̀ báyìí, ìbú ní tirẹ̀, gíga náà ní tirẹ̀, wọ́n sì ń sọ ibi tí téèpù ti kan igi. Wọ́n wá ha ọ̀dà yẹn kúrò. Mo dúpẹ́, mo tiẹ̀ jó díẹ̀.

Ayé ti yàtọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Téèpù tiyín kì í dàgbà bí apá wa ṣe ń dàgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ dì mọ́ igi náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Mo na apá mi méjèèjì títí, ọwọ́ mi kò kanra.