Ìrẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Ń Retí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹdẹ, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, èéfín ẹja ló máa ń jí mi láàárọ̀. Èmi ni mo ń to ẹja sórí ààrò, èmi náà ni mo ń yí i padà. Bí mo bá jẹ́ kó jó, Ìyá Àgbà á lọ́ mi létí bí ẹni ń pa rédíò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ etí lílọ́.

Ìgbà náà ni tíṣà tuntun kan dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní òyìnbó ló gbé e wọ Nàìjíríà, pé ní Èkó àtijọ́, àwọn akọ̀wé àti tíṣà máa ń wọ aṣọ funfun báláú gbá a, kí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó gba gbogbo ọkàn èèyàn. Tíṣà gbẹ́ igi pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀ tí a ó máa fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n ní ká má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bà wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó fò kọjá igi àgbọn, orí mi wú.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wa, abẹ́ àwòrán ìrẹ̀ ni wọ́n kọ kíríkẹ́ẹ̀tì sí, mo sì rò pé orúkọ eré náà ní Yorùbá nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni mo ń dúró ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, mo ní, "Ìrẹ̀ ni tíṣà ń kọ́ wa, mà."

"Ìrẹ̀ kẹ̀? Tíṣà yín mọ ohun tó dáa. Mú abọ́ dání."

Ta ni ò mọ adùn ìrẹ̀ yíyan? Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì mí gbọ́, mi ò sì tún un sọ, torí ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní jẹ́ kí n torí eré fi ẹja sílẹ̀. Lójoojúmọ́, kí n tó gbá bọ́ọ̀lù, mo ti gbẹ́ ihò ìrẹ̀ títí èékánná mi fi dúdú.

"Rísíkà, méjì péré látọ̀sán?"

Màá ní ìrẹ̀ ti gbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyá Àgbà gbé ọkọ́ wá ràn wá lọ́wọ́. Igi eré ni wọ́n bá lọ́wọ́ mi. Tíṣà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n kàn ń mi orí. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ká ní o sọ fún mi pé eré ni, ǹ bá ní kó o máa lọ."

Láti ọjọ́ náà, ìdí ààrò ni mo ń gbà lọ tààrà láti ilé ìwé. Kí ìbínú Ìyá Àgbà tó rọ̀, ìjọba ti gbé tíṣà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí.

Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì dé òkè òkun, à ń wò wọ́n lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aládùúgbò mi ní Ìkòròdú ṣì ń bi mí pé góòlù mélòó ni wọ́n jẹ. Láyé tiwa, ọmọ kì í wojú àgbà sọ ohun tó wù ú. Ọmọ ìsinsìnyí kì í fi nǹkan bò. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin mi jókòó tì mí.

"Mọ́mì, mi ò fẹ́ lọ sí lẹ́sìnnì mọ́. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ máa lọ gbá."

Inú kọ́kọ́ bí mi pé ó láyà láti sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọmọ yìí ò bẹ̀rù mi débi tó fi máa purọ́ fún mi. Mo ní kó máa lọ.