Àwọn Lẹ́tà Àìsàn Tí Mo Kọ Fún Ọmọ Mi

Ibà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé tí mo fi ń ṣètò iṣẹ́ mi, mo kọ lẹ́tà sí olùkọ́ kíláàsì ọmọ mi pé kó jọ̀wọ́ yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibà ń ṣe é, kò lè dìde. Ẹni tí ibà ń ṣe yìí jókòó síwájú mi, ó ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wo lẹ́tà náà, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò ló bá wa mú lẹ́tà náà lọ sílé ìwé.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Bàbá ọmọ náà ti kú, owó oṣù mi nìkan kò sì lè gbọ́ bùkátà wa, nítorí náà mo gba ìsọ̀ kan ní ọjà Ìkàrẹ́, mò ń ta ike: korobá, bàsíà, abọ́, àti kẹ́tùlù tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà náà. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé, èmi gbọ́dọ̀ wà níwájú pátákó ní Ọ̀kà. Ọmọ mi ni yóò mú kọ́kọ́rọ́, tí yóò wọ takisí gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, tí yóò sì dúró ti ọjà títí dìrọ̀lẹ́.

Ẹ má rò pé n kò ronú sí i. Mo ronú sí i gan-an, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í dúró lójú kan. Lónìí ó lè bọ́ sí Mọ́ńdè, nígbà mìíràn ó di Tọ́sìdeè, ó sì lè bọ́ sí Sátidé tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ kan tí ìyà yóò jẹ ju èkejì lọ. Bó bá pàdánù Ìṣirò lọ́sẹ̀ yìí, Bàọ́lọ́jì ni yóò pàdánù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò sì da nótì wọn kọ láti inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nótì rẹ̀ kò sì já rí. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́ Sọ́ńdè, mo máa ń yìn ín, mo sì máa ń yin ara mi pẹ̀lú.

Èmi kan náà yìí ni mo máa ń jágbe mọ́ àwọn òbí tó bá mú ọmọ lọ sóko kòkó lásìkò ilé ìwé. Wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn ní Ìwàrò. Bí inú bá bí mi, ẹnu mi kì í dúró de ọpọlọ mi. Mo ti sọ fún bàbá arúgbó kan rí pé ó ń ta ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀n kílò. Ọjọ́ ọjà ni lọ́jọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Nígbà tí ibà pọ̀ jù, mo yí i padà sí inú rírun. Lẹ́yìn ìyẹn ó di eyín, ó di ojú pípọ́n, kí àwọn lẹ́tà náà má baà jọ ara wọn.

Ọmọ náà kò fi ìgbà kankan sọ fún mi pé ó rẹ òun. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe láti kékeré. Bí ọ̀bẹ bá gé mi níbi tí mo ti ń bó iṣu, òun ni yóò fọ ojú ọgbẹ́, tí yóò dì í, tí yóò tún máa bá mi wí bí ẹni pé èmi ni ọmọ. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde jáde, ó yege. Ti ìgbaniwọlé náà dára. Yunifásítì tó mú fi ìwé ránṣẹ́ pé kó wá fún àyẹ̀wò àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tọ́sìdeè, kó sì mú ìwé ẹ̀rí ìwà láti ilé ìwé rẹ̀ dání. Mo jó nínú yàrá lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó gba ìwé ẹ̀rí náà dé. Kò jókòó. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ kà á.”

Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ó ní làákàyè, pé ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́ pé kò lè wá sílé ìwé déédéé fún ọdún mẹ́ta nítorí àìlera tó ń ṣe é lemọ́lemọ́.

Ta ni yóò gba aláìsàn láti wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn? Ẹ sì wò ó, dípò kí n jókòó kí n ronú, inú ló bí mi. Mo wọ bàtà, mo gba ọ̀kadà, mo forí lé ilé ìwé wọn, ọmọ mi jókòó sẹ́yìn mi, ó ń sọ pé, “Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Àjọwá ni olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Ó ń máàkì ìwé ní yàrá àwọn olùkọ́ nígbà tí mo wọlé.

“Ẹ káàsán, sà. Ta ló sọ fún yín pé aláìsàn lọmọ mi?”

“Ẹ káàsán, ma. Ẹ jókòó ná.”

“N ò jókòó! Ẹ dá mi lóhùn! Ọmọ yìí ò mọ ẹnu ọ̀nà ọsibítù! Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé yìí, kò gbé oògùn kan ṣoṣo mì!”

Gbogbo àwọn olùkọ́ gbójú sókè. Ọmọ mi nìkan ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi, tó mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú fáìlì kan jáde, ó ṣí i sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn lẹ́tà mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibà. Inú rírun. Ibà. Eyín. Ojú pípọ́n. Ìwé tí mo fi ń ṣètò iṣẹ́ ni gbogbo wọn, ìlà pupa sì wà létí rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan tún sọ fún mi.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń pa ilé ìwé jẹ, ma. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ pé ìsáǹsá ni. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é.”

Mo bi í bóyá wọ́n lè yí i padà. Ó ní ọ̀gá ilé ìwé kò ní yí i padà láìsí ìwé láti ọwọ́ mi tó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni àwọn lẹ́tà náà, kí n sì kọ ìdí rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, olùkọ́ tó ń purọ́ lórí ìwé ni mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọmọ mi. Kò bẹ̀ mí, kò sunkún, ilẹ̀ ló ń wò.

Mo kọ ọ́. Ọ̀gá ilé ìwé kà á ní ìdúró, ó bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún un. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú fáìlì. Ojú tì mí ju bí ì bá ṣe tì mí ká ní ó bú mi lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fún wa ní ìwé tuntun: kò wá déédéé, ọjà ló ń bá òbí rẹ̀ tà.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè, a wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkàrẹ́ ní ìdájí. Wọn kò jẹ́ kí òbí wọlé, nítorí náà mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan níwájú ọgbà yunifásítì náà. Nígbà tó yá, akọ̀wé kan jáde, ó ka orúkọ àwọn tó máa tẹ̀ síwájú sí yàrá kejì. Mo tẹ́tí títí ó fi ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. N kò gbọ́ orúkọ ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá bá mi.

“Ṣé ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni?” Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà, mo ti fẹ́ wọlé lọ bá wọn jà.

“Rárá o. Mo sọ fún wọn pé ọjà ni mò ń tà. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan níbẹ̀ ní òun náà tajà kàwé.”

“Kí ló wá dé?”

“Wọ́n gbé maikirosíkóòpù síwájú mi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tójú lásán ò rí. Wọ́n ní kí n fi wo èèpo àlùbọ́sà, kí n sọ ohun tí mo rí. Òkùnkùn ni mo ń rí, Mọ́mì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yá a wá sílé ìwé wa. Ìkàrẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà.”

“Ṣebí ó wà nínú nótì rẹ? Mo rí àwòrán rẹ̀!”

“Mo lè yà á. Mo sọ fún wọn pé màá yà á. Wọ́n ní àwọn ò ní kí n yàwòrán.”

Mo ní kó jẹ́ ká padà wọlé, mo ní n ó ṣàlàyé fún wọn, mo ní n ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i pé ẹ̀bi mi ni. Mo ti ń wá bírò nínú báàgì.

Ó di ọwọ́ mi mú. “Lẹ́tà wo lẹ fẹ́ kọ sí ìyẹn, Mọ́mì?”

Kò bínú. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni, ó sì ń wo ojú mi, ó ń dúró de èsì.