Àǹtí Ẹnu-Ò-Sinmi àti Ẹ̀rín Tí Kò Gbọ́ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Àǹtí Ẹnu-Ò-Sinmi. Orí ìtàgé ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Nílé, ẹnu rẹ̀ wúwo ju òkúta lọ. Ó lè jókòó tì mí nídìí máṣíìnì ìránṣọ láti àárọ̀ dọ̀sán, kó má sọ ju "Ìyàwó mi, apá yìí fún jù" lọ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi rán gbogbo aṣọ tó fi ṣeré, mo sì mọ̀ ọ́n ju ọkọ mi tí wọ́n jọ mu ọmú lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣeré nígbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àìsàn dá obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú eré dùbúlẹ̀, Àǹtí nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà lórí, torí ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n tì í jáde sórí ìtàgé. Ó sọ gbólóhùn kan, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ìkejì lé ẹ̀rín lórí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Olùdarí, baba kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, pè é sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀rín yẹn, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán kó o tó dá a lóhùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di òṣèré.

Sinimá ló kọ́kọ́ dà á láàmú, torí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Ó bá ní kí káfíńtà tó ń bá wọn kan nǹkan níbẹ̀ máa dúró sẹ́yìn kámẹ́rà. Èjìká rẹ̀ ló ń wò. Bí èjìká bá ń gbọ̀n fún ẹ̀rín tó ń pa mọ́ra, Àǹtí a dákẹ́. Sinimá yẹn sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, débi pé bó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, dókítà a ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lé ẹ̀rín lórí níbi eré orí ìtàgé. Olùdarí tuntun, ọmọkùnrin tó lè bí, kìlọ̀ fún un: bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àǹtí wá bá mi nídìí máṣíìnì.

"Ìyàwó mi, etí mi ti ń di. Bí èèyàn bá sún mọ́ mi, mò ń gbọ́. Àmọ́ inú gbọ̀ngàn yẹn, òkùnkùn ni. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín àbí wọ́n ti sùn."

Inú bí mi pé ó fi pa mọ́ fún mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí ju ìbínú náà lọ. A dá ọgbọ́n: èmi á jókòó níwájú pátápátá, níbi tí iná ìtàgé ti tàn dé ojú mi. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, màá fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Bí ẹ̀rín bá rọlẹ̀, màá gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń lọ dáadáa títí ó fi kan ọ̀rọ̀ àga. Ìyá ọkọ tó wá kí ọmọ ló ń ṣe; wọ́n fún un ní àga tí ẹsẹ̀ kan ti kán lára rẹ̀, ìgbéraga ò sì jẹ́ kó sọ pé àga ò dára. Ó jókòó, ó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà, ó ń béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí. Ẹ̀rín pa mí. Omi ń bọ́ lójú mi, mo fi áńkáṣíìfù nù ún, mo tún rẹ́rìn-ín, mo tún nù ún. Ìgbà tí màá fi sọjí, gbogbo ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́. Àǹtí tẹjú mọ́ mi látorí àga, ó ń dúró kí n gbé áńkáṣíìfù kúrò lójú. Ẹnìkan wúkọ́. Mo ju áńkáṣíìfù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ó sọ̀rọ̀, eré ń lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. "Àǹtí, ẹ foríjì mí."

Ó gba áńkáṣíìfù lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ pa á. Ó rin gbingbin.

"Ẹkún lo ń sun ni?"

"Ẹ̀rín ni, Àǹtí."

"Ìwọ tó o ti rí i nígbà ọgbọ̀n?"

"Èmi náà ni."

Ó jókòó. Ó ní láti ọdún kan lòun ti ń rò ó pé àánú ni àwọn òǹwòran fi ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Ibẹ̀ ni olùdarí ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ le. Àǹtí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá kékeré, etí mi ti di, mi ò sì níí fiṣẹ́ sílẹ̀. Bá mi wá ẹlòmíràn tó máa jókòó níwájú, táá máa ṣe àmì fún mi bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi yìí, ẹ̀rín ti pọ̀ jù lára rẹ̀."