Orúkọ Ìyá Mi Tí Mo Fagi Lé

Èmi ni mo ṣòfin yẹn, kò sẹ́ni tó tì mí. Ọdún kejì tí mo di ọ̀gá kúáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaròó ni mo kà á sí wọn létí: ẹni tó bá pa ìdánrawò ọjọ́ Ẹtì jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí, a ó fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Kò gbọdọ̀ wọ aṣọ kúáyà mọ́, kúáyà kò sì ní wọṣọ fún un lọ́jọ́ tó bá kú. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ní tiwa, bí akọrin bá kú, gbogbo kúáyà ló ń wọṣọ; wọ́n á ṣíwájú pósí láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibojì, wọ́n á máa kọrin. Àwọn àgbà tí kò bẹ̀rù pásítọ̀ ń bẹ̀rù kí wọ́n má pàdánù ìyẹn. Mo mọ̀, mo sì fi ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ìyá mi wà lára wọn. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń kọrin níbẹ̀, láàrin àwọn obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní áátò. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohùn tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti há a sórí nìyẹn. Oko ló ń ro ní Ìlobì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kadà á gbé e dé, eruku tírélà sìmẹ́ǹtì á ti bò ó lójú, á nu ún, á jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá mi sọ̀rọ̀ ìsìnkú ara rẹ̀. Ó ní òun ò ní kí n pa màlúù, kí kúáyà ṣáà wọṣọ fún òun.

Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò lè gun ọ̀kadà. Èmi ni mo ń ra oògùn fún un, mo mọ̀ pé kò lè dìde. Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, obìnrin kan nínú kúáyà, ẹni tí mo ti fagi lé orúkọ àbúrò rẹ̀ torí pé ó lọ bímọ, wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde." Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ mi. Mo lè sọ pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo lè fa òfin radaràda yẹn ya. Bírò ni mo mú, mo fagi lé ìyá mi, inú mi sì ń dùn pé wọ́n rí mi.

Mo lọ sọ fún un fúnra mi. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Ó ti dáa, ọ̀gá wa. Ẹ má bínú." Ìyá tó bí mi ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀! Kò pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi kú lóṣù kẹrin sígbà náà.

Mo bẹ kúáyà kí wọ́n wọṣọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí mo ti tìlẹ̀kùn mọ́ síta torí pé wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé ìdánrawò. Wọn ò bú mi. Akọ̀wé kàn ṣí rẹ́jísítà, ó fi ibi tí bírò mi gbà hàn mí, ó ní bí àwọn bá wọṣọ fún màmá, kí ni àwọn á sọ fún ẹbí òkú méjì tí mo ní kí àwọn má wọṣọ fún? Kò parọ́. Àfọwọ́fà ni mo fà.

Wọ́n wá síbi ìsìnkú náà o. Wọ́n wọ aṣọ ilé, wọ́n jókòó káàkiri láàrin ìjọ, wọ́n panu mọ́. Èmi nìkan ni mo ṣíwájú pósí. Mo dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é, ohùn mi sì já kí a tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a ṣe ìdúpẹ́. Pásítọ̀ ní kí n dìde. Ó ní kí ìjọ wo ọkùnrin tí kì í ṣègbè, tí kò wojú ìyá rẹ̀ lórí iṣẹ́ Olúwa, pé irú èyí ni Ọlọ́run ń wá. Kúáyà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun kúáyà, ìjọ sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo tẹrí ba, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.